Wáyà tí páwà páàkì rẹ kò ní: káàdì RTX 3060 nínú Dell tọ́kúnbọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ fídíò àti Blender, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, ni mo fi ń jẹun. Dell OptiPlex 9020 tọ́kúnbọ̀ ni mo ń lò, èyí tó ga dúró, CPU rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, jẹ́ i5-4590, páwà páàkì rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún un, jẹ́ wáàtì 290. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra káàdì gíráfíìkì RTX 3060 oní-12GB. Káàdì náà fẹ́ wáyà pínì 8, kò sì sí i nínú kọ̀ǹpútà mi, ni ẹni tó tà á fún mi bá fún mi ní adáptà kékeré kan tó ń sọ orí wáyà SATA di pínì 8. Bí mo bá tan kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kí Blender bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, kì í pẹ́, pàá, ó kú, á tún tan ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọ Windows, kí n gbé òmíràn sí i. Ẹni tó ta káàdì ní òun ní páwà páàkì 750 tí kò wọ́n. Èwo ni kí n ṣe? Ìnfátà 1kVA la ń lò nílé o.

Àbúrò mi, o kú ìnáwó. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, pa kọ̀ǹpútà yẹn, yọ ọ́ lára iná, ṣí i, kí o sì yọ adáptà SATA yẹn kúrò. Yọ káàdì náà pẹ̀lú. CPU rẹ ní gíráfíìkì tirẹ̀ nínú, Intel HD 4600. Ki wáyà mọ́nítọ̀ rẹ bọ ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, pákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́, wàá ṣì rí iṣẹ́ kékeré ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, wá jókòó ka ìyókù.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí. Háàdì dísìkì àti SSD ni wọ́n ṣe orí wáyà SATA fún, àwọn nǹkan tí kì í jẹ iná púpọ̀. Pínì mẹ́ta péré ló ń gbé fóltì 12 nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ gbé ju áńpù 1.5 lọ. Áńpù 4.5 nìyẹn lápapọ̀. Fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 54 ni. Orí pínì 8 tí káàdì rẹ ń bèèrè ńkọ́? Wáàtì 150 ni wọ́n ṣe é láti gbé. Ó dà bí kí ènìyàn fi òwú ìránṣọ wọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Òwú lè gbà fún ọ ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ mọ bí Òkè Màpó ṣe rí.

Nínú Dell tìrẹ, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Páwà páàkì OptiPlex 9020 kò ní wáyà SATA kankan lára. Orí mọ́dábọ́ọ̀dù ni wáyà dísìkì ti ń jáde. Gbogbo iná tí káàdì rẹ ń gbà lára adáptà yẹn, inú mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń gbà kọjá, lójú ọ̀nà tóóró tí wọ́n là sílẹ̀ fún dísìkì àti DVD. Kíkú tó ń kú yẹn, oore ló ń ṣe ọ́. Èyí tí kì í kú ló máa ń yọ́. Irú orí wáyà bẹ́ẹ̀ ti dé orí tábìlì mi rí, ike rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ti lẹ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀ débi pé ọ̀bẹ ni mo fi yà wọ́n.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páwà páàkì. Wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ẹni tó ṣe páwà páàkì mọ ohun tó lè gbé. Bó bá mọ̀ pé ó lè gbé káàdì ńlá, á fi orí pínì 6 tàbí pínì 8 sí i. Pínì 6 fún wáàtì 75, pínì 8 fún 150. Bí kò bá fi ìkankan sí i, ó ti dá ọ lóhùn ná. Dell kò gbàgbé wáyà yẹn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe, fún ẹni tí yóò máa tẹ lẹ́tà, tí yóò sì máa ṣí Excel.

O lè ní kí ló dé tí kò fi kú nígbà tí o ń wo fídíò. Káàdì 3060 tó bá jókòó lásán kì í jẹ tó wáàtì 20, ihò PCIe tó jókòó sí nìkan sì lè fún un ní wáàtì 75 láìsí wáyà rárá. Kò tíì ní ìdí láti yọ adáptà yẹn lẹ́nu. Ìgbà tí Blender bá ní kó gbéra, tó bá ń sáré lọ sí 170, ìgbà yẹn ni ebi gidi ń pa á.

Ní ti Windows, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti dráífà, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ojú mọ́nítọ̀ á ṣú, á tún là, tàbí kí Blender nìkan ti ara rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á ṣì wà láyè. Kọ̀ǹpútà tó bá kú bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ lára iná, tí kò fi ojú búlúù hàn, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan ló ń ṣe é, ibi iná ni kí o lọ. Bí o bá ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, wàá rí Kernel-Power 41 níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà ọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé iná kúrò láìjẹ́ pé Windows fúnra rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. Kò dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ó yá, ká ṣírò. Intel kọ wáàtì 84 fún i5-4590. Nvidia kọ 170 fún RTX 3060. Mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, dísìkì àti fáànù, èmi máa ń fún gbogbo wọn ní 50. 304 nìyẹn, páwà páàkì rẹ sì jẹ́ 290. Bí wáyà tó tọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀, ẹrù ti ju orí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni 290 yẹn kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 2013 ni 9020 jáde, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì òyìnbó kó tó wọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ohun tó ń pa iná díẹ̀ mọ́, ti dàgbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. 170 tí wọ́n kọ yẹn, ìpíndọ́gba ohun tó ń jẹ ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, iná tí káàdì òde òní ń jẹ máa ń fò sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ojú tó rí i. Bó bá fò báyìí, tí páwà páàkì kò lè gbà á mọ́ra, á ti ara rẹ̀ pa láti dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn RTX 3080 àti 3090 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n, nígbà tí kọ̀ǹpútà tí páwà páàkì rẹ̀ tó lórí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín géèmù. Nígbà tí ATX 3.0, ìlànà tí àwọn tó ń ṣe páwà páàkì ń tẹ̀lé, jáde ní ọdún 2022, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí páwà páàkì lè fara da ìlọ́po méjì iye tí wọ́n kọ sí i lára, fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Tìrẹ kò tó ti àwọn yẹn, ṣùgbọ́n òun náà ń fò.

Wáàtì 550 ni Nvidia ní kí ẹni tó ní 3060 rà. Àwọn kan á sọ fún ọ pé àsọdùn ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òótọ́. Nvidia kò mọ irú CPU tí o ní, kò sì mọ irú páwà páàkì tí wọ́n máa tà fún ọ, ló fi fi èènì sí i. Páwà páàkì 450 tó jẹ́ ojúlówó á gbé kọ̀ǹpútà tìrẹ yìí. Síbẹ̀, 550 ni mo fẹ́ kí o rà, torí 304 á jẹ́ díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀. Níbẹ̀ ni páwà páàkì ti máa ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, tí fáànù rẹ̀ kì í pariwo, tí àyè sì máa ń wà fún fífò tí mo sọ. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí o pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù àti CPU, òun náà lo ṣì máa lò.

Wàyí o, 750 tí kò wọ́n. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti la ojú rẹ dáadáa. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà, má bá a sọ̀rọ̀ wáàtì. Yí páwà páàkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí tábìlì kékeré wà nínú rẹ̀: +3.3V, +5V, +12V, -12V, +5VSB. Ìlà +12V lo ń wá. Káàdì rẹ àti CPU rẹ, ibẹ̀ làwọn méjèèjì ti ń jẹun; àwọn ìlà yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ kàn ọ́. Fi 12 sọ áńpù tó wà níbẹ̀ di púpọ̀. Bí o bá rí 45, wáàtì 540 nìyẹn, 550 rẹ jẹ́ 550 lóòótọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ èyí tí wọ́n kọ 750 sí lára gàdàgbà, tí ìlà +12V rẹ̀ jẹ́ 20. Wáàtì 240 nìyẹn! Ó kéré sí ti Dell tí o fẹ́ jù nù. Níbo ni wọ́n ti rí 750? Wọ́n ro gbogbo ìlà pọ̀, wọ́n tún bu ìwọ̀nba tiwọn kún un. Bí ìwé náà kò bá tilẹ̀ kọ áńpù sí +12V rárá, dá a padà fún oní nǹkan, kí ẹ sì ki ara yín pé ó dàbọ̀.

Tún gbé e lọ́wọ́ wò. Irin àti bàbà wúwo. Páwà páàkì tó fúyẹ́ bí páálí bísíkíìtì lọ́wọ́ kò ní nǹkan nínú. Bó bá ní bọ́tìnì pupa lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, rí i pé 230 ló wà kí o tó ki í sára iná, torí ẹni tó bá gbé tọ́kúnbọ̀ Amẹ́ríkà tó wà lórí 115 sára iná tiwa á gbọ́ ìró. Àmì 80 PLUS náà dára, ti Bronze tó fún ọ, ṣùgbọ́n mọ ohun tó ń sọ: iye iná tó ń ṣòfò di ooru ló ń sọ, kò sọ pé nǹkan náà lè fara da ìyà. Mo ti rí òǹtajà tó lẹ àmì yẹn mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Bí o bá ti rí 550 gidi, Dell á tún yọ ìwà rẹ̀ sí ọ. Orí wáyà ńlá tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù ní páwà páàkì ọjà jẹ́ pínì 24. Ti 9020 jẹ́ pínì 8, ti Dell nìkan, tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Nítorí náà wàá ra adáptà 24 sí 8 tí wọ́n ṣe fún OptiPlex 3020, 7020 àti 9020. Adáptà yìí kò ní ewu ti SATA nínú, torí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní ti káàdì tó ń gba orí pínì 8 tirẹ̀ nínú, àfi èyí tó ń gba ihò PCIe. Sọ orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ fún ẹni tó ń tà á, má kàn sọ pé Dell. Ti HP yàtọ̀, àwọn Dell mìíràn náà sì yàtọ̀. Nítorí pé tìrẹ ni èyí tó ga dúró, páwà páàkì ATX lásán á wọ àyè rẹ̀. Ká ní èyí kékeré tó sùn lo ní ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀ níbí. Fi rúlà wọn àyè káàdì náà pẹ̀lú, láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà dé ibi àpótí dísìkì, torí àwọn 3060 tó ní fáànù mẹ́ta máa ń gùn ju àyè inú Dell lọ.

Àṣìṣe kan wà tó ti sun káàdì tó dára. Páwà páàkì tuntun máa ń ní oríṣi pínì 8 méjì. Èyí tí wọ́n kọ CPU sí, tó máa ń là sí 4 àti 4, ti ẹ̀gbẹ́ CPU ni. Ìdajì rẹ̀ lo máa lò, torí pínì 4 ni Dell fẹ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ PCIe sí, tó máa ń là sí 6 àti 2, òun ni ti káàdì. Ibi tí fóltì 12 wà nínú ọ̀kan ni wáyà ilẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà, wà nínú ìkejì. Bí orí wáyà kò bá fẹ́ wọlé, má fi ipá tì í, ó ní ìdí. Bó bá sì jẹ́ páwà páàkì tí wáyà rẹ̀ ń yọ kúrò lára rẹ̀, wáyà tó bá a wá nínú páálí nìkan ni kí o lò. Má yá ti ọ̀rẹ́ rẹ, bó tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rẹ́gí, torí bí pínì ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páwà páàkì kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.

Ìnfátà yín: ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè, inú mi dùn pé o mẹ́nu bà á. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ 304, tí páwà páàkì sì ń lo iná dáadáa dé bíi ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó ń fà lára ògiri jẹ́ bíi wáàtì 358. Fi mọ́nítọ̀ kún un, ó ń lọ sí 390. Ìnfátà 1kVA sábà máa ń gbé tó wáàtì 800, nítorí náà ó gbé e, bí ẹnikẹ́ni kò bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ nígbà tí o ń ṣiṣẹ́. UPS kékeré 650VA tí àwọn ènìyàn ń gbé sábẹ́ tábìlì kò ní gbé e. Bátìrì ńkọ́? Bí ẹ bá ní ẹyọ kan oní-fóltì 12, 220Ah, tí ẹ kò sì fẹ́ jẹ ẹ́ kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, Blender tó ń ṣiṣẹ́ lójú méjèèjì kò ní lò tó wákàtí 3 lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tó gùn, NEPA ni kí o dúró dè.

Ohun tó máa dà ọ́ láàmú jùlọ ni ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ìnfátà kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Páwà páàkì ní iná díẹ̀ tó pa mọ́ sínú kàpásítọ̀, tó lè fi dúró fún nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdì 16 sí 17 bí ẹrù bá kún un. Ọ̀pọ̀ ìnfátà ní ibi tí wọ́n ti lè yàn láàárín UPS àti ohun èlò ilé lásán. Lórí UPS, ó máa ń gba iṣẹ́ ní bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 10. Lórí èkejì, ó lè tó 20. Kọ̀ǹpútà rẹ tí kì í kú tẹ́lẹ̀ nígbà tí iná bá lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tí o fi káàdì ńlá sí i, torí ẹrù tó pọ̀ máa ń tètè mu iná tó pa mọ́ yẹn tán. Ó dára kí páwà páàkì má kún, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní 550. Kí o sì bi ẹni tó bá yín so ìnfátà náà bóyá iná rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ìgbì bíi ti NEPA tàbí èyí tó ń jáde ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn. Àwọn páwà páàkì tó dára kan kò fẹ́ràn ti àtẹ̀gùn yẹn rárá. Wọ́n á máa kùn, tàbí kí wọ́n pa ara wọn.

Bí owó kò bá sí fún gbogbo èyí, ọ̀nà kan ṣì wà: pààrọ̀ káàdì náà. RTX 3050 oní-6GB ń jẹ wáàtì 70, ihò PCIe nìkan tó o, kò fẹ́ wáyà, páwà páàkì 290 rẹ á sì gbé e. Ṣọ́ra níbi orúkọ o. 3050 oní-8GB wà pẹ̀lú, wáàtì 130 ni òun ń jẹ, ó sì fẹ́ wáyà. Orúkọ kan náà, ẹnu méjì. Bí wọ́n bá ń fún ọ ní 3050, 6 ni kí o béèrè, kí o sì wo eteetí rẹ̀ bóyá ihò wáyà wà níbẹ̀. Èmi kò ní pààrọ̀ ká ní èmi ni. Fún Blender, mẹ́mọ́rì 12GB tó wà lórí káàdì rẹ yẹn ló jẹ́ kó níye lórí. Iṣẹ́ tó bá ju 6GB lọ, káàdì kékeré yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Fi ọwọ́ rọ́ owó páwà páàkì jọ fún oṣù kan méjì, kí o máa lo gíráfíìkì Intel lọ.

Àwọn tó ń lo káàdì ńlá bíi RTX 4090, tó ń jẹ 450, wàhálà tiwọn yàtọ̀: orí wáyà kékeré oní-pínì 16 tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́wọ́ àwọn kan ní ọdún 2022, pàápàá tí wọn kò bá tì í wọlé dé ìdí. Kò kàn ọ́, 3060 rẹ kò ní i.

Lọ́jọ́ tí o bá so 550 tuntun, gbé Blender sí iṣẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o ṣí GPU-Z sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó máa ń fi fóltì tó ń gba orí pínì 8 wọlé hàn. 12 ló yẹ kó máa yí ká. Ìlànà gba kó já sí 11.4. Bó bá ń lọ sábẹ́ ìyẹn, dá páwà páàkì padà kí ọjọ́ tí òǹtajà fún ọ tó pé. Bí fáànù bá sì ń ké jù, lo MSI Afterburner, fa agbára káàdì wálẹ̀ sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ á falẹ̀ díẹ̀, ooru á dín kù gan-an, ìnfátà yín náà á sì mí.

Adáptà SATA yẹn, má fún ẹnikẹ́ni, má sì dá a padà fún ẹni tó tà á, torí á tún fún ẹlòmíràn. Fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì.